Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò ní ‘bí’ ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́?

Ìbéèrè tó wọlé láti Ẹ̀pẹ́ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹja ni mo ń tà ní ọjà Olúwo, ọmọ mi sì wà ní SS2. Wọ́n ṣe ìdánwò Yorùbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tíṣà wọn ti kọ́ wọn pé bí wọ́n bá ti rí ‘bí’ nínú gbólóhùn, àfiwé tààrà ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Wọ́n wá fún un ní ‘Ọ̀sà ń bínú lónìí’. Ó wò ó, kò rí ‘bí’ tó dá dúró, ó kọ ẹlẹ́lọ̀ọ́. Wọ́n fi bírò pupa fagi lé e, wọ́n ní ìfohunpènìyàn ni. Wọ́n tún fún un ní ‘Ìyá ni wúrà, bàbá ni jígí’, ó kọ òwe, wọ́n ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Ó sunkún wálé. Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Kí ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ yìí gan-an, báwo lèèyàn sì ṣe ń dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù?”

Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ kú ọmọ títọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yín kí n tó mú bírò, torí ẹkún ọmọ náà dùn mí. Òfin tí wọ́n fún un ló tẹ̀ lé, òfin náà ló sì ṣì í lọ́nà. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ohun tí ẹ kọ. Ṣé ‘bí’ ni a fi ń mọ àfiwé? Ṣé gbólóhùn kan ṣoṣo sì lè jẹ́ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Bí a bá tú méjèèjì palẹ̀, ẹ ó rí i pé ọmọ yín kò jìnnà sí òótọ́ rárá.

Èmi náà ti kọ́ ọmọ ní òfin yẹn rí. Ọdún gbọọrọ ni mo fi kọ́ èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. “Kò sí ‘bí’, ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni” ni mo máa ń kọ sójú pátákó, torí ó rọrùn láti há sórí, ìdánwò sì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ‘Mo jẹ ẹ̀bà lánàá’ kò ní ‘bí’. Ṣé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni?” Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí pé ọmọ tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kí n tó gbọ́ ìbéèrè yẹn pọ̀, àtọjọ́ náà ni mo sì ti jáwọ́ nínú òfin ojú pátákó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ‘bí’. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ń ṣe lédè wa pọ̀. “Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.” ‘Bí’ wà níwájú gbólóhùn yìí gbangba, síbẹ̀ kò fi nǹkan kan wé òmíràn, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ju òkò ló ń sọ. “Ó bí ìbejì” ńkọ́? “Sọ bí o ṣe débẹ̀ fún mi” ńkọ́? Kò sí àfiwé nínú ọ̀kankan. Kódà nígbà tí ‘bí’ bá ń fi nǹkan méjì wéra lóòótọ́, ó lè má jẹ́ ọnà èdè, ìyẹn ọgbọ́n tí a ń fi ọ̀rọ̀ dá. Bí oníbàárà bá dúró níwájú àtẹ yín tó ní, “Ẹja yìí tóbi bí èyí tí mo rà lánàá,” ẹja ló fi wé ẹja. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló ń sọ, ẹ sì lè gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kí ó dá a lójú. Àmọ́ bí ó bá ní, “Ọmọ yín dúdú bíi kóró iṣin,” ọmọ àti kóró iṣin kò bára tan rárá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ní, dúdú tó ń dán, ló mú kó so wọ́n pọ̀. Àfiwé tààrà nìyẹn. Ó lè lo ‘bí’ tàbí ‘bíi’, ó lè lo ‘dà bí’, ‘jọ’, tàbí ‘àfi bí ẹni pé’. Ohun tó sọ ọ́ di tààrà ni pé ó sọ ọ́ síta pé òun ń fi nǹkan wé nǹkan.

Ẹlẹ́lọ̀ọ́ kì í sọ ọ́ síta. “Kìnnìún ni Àjàyí.” Kò ní ó dà bí, kò ní ó jọ, ó ní òun gan-an ni. Bí a bá gbé e wò lójú lásán, irọ́ ni: Àjàyí kò nírù, kì í jẹ ẹran tútù. Ibi tí irọ́ yẹn wà gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ kò ní rò pé orí ẹni tó sọ̀rọ̀ ti dàrú. Ọkàn rẹ̀ yóò wá ohun tó lè mú ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́. Ṣé agbára ni? Ṣé àìbẹ̀rù ni? Àbí pé kò sẹ́ni tó lè yájú sí i nílé? Nǹkan mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀: ẹni tí à ń sọ, ìyẹn Àjàyí, ohun tí a yá lò, ìyẹn kìnnìún, àti ìwà tó so wọ́n pọ̀, èyí tí a kò dárúkọ. Nínú àfiwé tààrà, a sábà máa ń dárúkọ ìwà náà: “Àjàyí láyà bíi kìnnìún.” Nínú ẹlẹ́lọ̀ọ́, olùgbọ́ ni yóò fúnra rẹ̀ wá a rí. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹlẹ́lọ̀ọ́, ‘metaphor’, ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìsì ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn sì ni gbígbé nǹkan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí ọ̀sà yóò tètè mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn: ọ̀rọ̀ kan wọkọ̀ ní èbúté tirẹ̀, ó gúnlẹ̀ sí èbúté ẹlòmíràn, ẹrù tó rù láti ilé sì wà lórí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù, ẹ̀yin ọlọ́jà lẹ ni ín: “Ayé lọjà, ọ̀run nilé.” Ẹ wo bí ẹrù tí gbólóhùn kúkurú yìí rù ṣe pọ̀ tó. A kì í sùn sọ́jà. Àárọ̀ la dé, bí ilẹ̀ bá ń ṣú, a ó palẹ̀ mọ́. Ohun tí a wá rà lè gbà wá lọ́kàn débi pé a ó gbàgbé pé a nílé. Ẹnìkan jèrè, ẹnìkan pàdánù, ṣùgbọ́n tí ọjà bá ti tú, olówó àti tálákà jọ ń wá ọ̀nà ilé ni. Gbólóhùn náà kò pe ọ̀kankan nínú gbogbo èyí jáde. A kàn gbọ́ ‘ọjà’, ìyókù sì tẹ̀ lé e wá, torí a mọ ọjà. Ìdí nìyẹn tí a fi lè máa fa ọ̀rọ̀ náà gùn: bí àgbàlagbà kan bá kú, a ní ó ti relé, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé ilé wo. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́jà ló bá a wọkọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó ń ronú nípa owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, tàbí omi yìnyín tó ń ro sílẹ̀ lábẹ́ àtẹ ẹja. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ máa ń ṣa ohun tí yóò gbé, á fi ìyókù sílẹ̀ sí èbúté. Ọmọ tó bá lè sọ ohun tó gbé àti ohun tó fi sílẹ̀ ti mọ ẹlẹ́lọ̀ọ́ ju ẹni tó há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí lọ.

Nígbà mìíràn, ẹni tí à ń sọ gan-an kì í yọjú. Nígbà tí èèyàn ńlá bá papò dà, a máa ń ní, “Erin wó, àjànàkú sùn bí òkè.” Orúkọ olóògbé kò sí níbẹ̀ rárá. Erin ló gba ipò rẹ̀, ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn. Nígbà tí ó wá di ‘sùn bí òkè’, àfiwé tààrà ti wọlé: erin tí a fi pe olóògbé la tún wá fi wé òkè. Méjèèjì wà nínú ìlà kan ṣoṣo. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé òfin ojú pátákó yóò rí ‘bí’, á kọ tààrà, á sì sọ erin tó wó nù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Ẹ̀ ń gbọ́ ọ lọ́jà lójoojúmọ́. Bí obìnrin kan bá sọ fún ẹnìkejì pé, “O ń ṣe bí òkété,” inú á bí onítọ̀hún, àmọ́ àgbà ṣì lè bá wọn dá sí i, kó ní ìwà ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n bá wí. Bí ó bá ní, “Òkété ni ẹ́,” ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìwà ọjọ́ kan. Ó ti pè é ní ọ̀dàlẹ̀ pọ́nńbélé, torí a ti gbọ́ ọ láti kékeré pé òkété ló bá Ifá mulẹ̀ tó tún da Ifá. Mo ti bá wọn là irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ẹni tí wọ́n bú ń tún sọ ṣáá títí ilẹ̀ fi ṣú ni pé, “Ó pè mí lókété!” ‘Bí’ máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín nǹkan méjì, ẹlẹ́lọ̀ọ́ dí àyè náà pa. Ohun kan náà ló mú kí oríkì wa kún fún un. Ẹni tí à ń kì kò fẹ́ kí a sọ pé òun jọ ẹkùn. Ẹkùn ni ó fẹ́ kí a pe òun.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ̀sà. Omi kò ní inú tí ọ̀rọ̀ yóò bí. Nígbà tí a bá mú ìwà, ìṣe tàbí ẹ̀yà ara ènìyàn tí a fi fún ohun tí kì í ṣe ènìyàn, ìfohunpènìyàn là ń pè é, tíṣà ọmọ yín sì tọ̀nà nípa orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbólóhùn náà. Ìgbì tó ń ru là ń sọ, ẹni tí inú ń bí la yá lò, ewu àti àìfararọ ló so wọ́n pọ̀. Nǹkan mẹ́ta tí mo kà lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé abẹ́ ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni ìfohunpènìyàn wà, pé ohun tó kàn yà á sọ́tọ̀ ni pé ènìyàn ló máa ń yá lò. Àwọn mìíràn ní kí kálukú dá dúró. Ti àwọn àkọ́kọ́ ni mo gbà. Nínú ìdánwò, ṣá, orúkọ tó ṣe pàtó jù ni kí ọmọ kọ. Bí oníbàárà bá bi yín pé irú ẹja wo nìyí, tó sì jẹ́ ẹja àrọ̀, tí ẹ dá a lóhùn pé “Ẹja ni,” ẹ kò purọ́, àmọ́ ẹ kò tíì dá a lóhùn. Bí ọmọ yín ṣe ṣe nìyẹn.

Ó tún ku ohun kan lórí ọ̀sà tí ìwé ìdánwò kì í sọ. Ọnà èdè kì í dá gbé inú gbólóhùn. Ó ń gbé ọkàn ẹni tó sọ ọ́ pẹ̀lú. Àwọn kan wà nínú àwọn ìlú etí ọ̀sà wa tí wọ́n ń bọ Ọlọ́sà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ pé ọ̀sà ń bínú, kò fi omi pe ènìyàn o. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ, òótọ́ pọ́nńbélé ni lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn kan náà lẹ́nu ọmọ iléèwé tó ń júwe ìgbì di ìfohunpènìyàn. Mi ò rò pé ó yẹ kí a fi máàkì lé ọmọ lọ́wọ́ láìsọ èyí fún un.

Ní ti “Ìyá ni wúrà, bàbá ni jígí,” ọmọ yín gbà á, tíṣà náà sì gbà á. Òwe jẹ́ orúkọ irú ọ̀rọ̀ kan: ọ̀rọ̀ àgbà tí gbogbo wa jọ jogún, tí a ń pa nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tó bá a mu. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tí a ṣe nínú ọ̀rọ̀. Bí a bá bi yín pé kí ni ẹ̀ ń gbé dání, ẹ lè ní abọ́ ni, ẹ sì lè ní amọ̀ ni. Ìkan kò ba èkejì jẹ́. Ohun tí ọmọ náà ìbá fi gba máàkì ni pé kó wo ìbéèrè dáadáa: ọnà èdè ni wọ́n bi í, irú ọ̀rọ̀ ló dáhùn. Ẹ bá a ka ìyókù òwe náà, ẹ ó rí i pé ẹlẹ́lọ̀ọ́ rẹ̀ kò dúró síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí ìyá bá kú ni wúrà bàjẹ́, ọjọ́ tí bàbá bá kú ni jígí wọmi. Ikú ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ wúrà àti jígí, ó sì ń gbé ibẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo òwe ló ní ẹlẹ́lọ̀ọ́ nínú. “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́” lè jóòótọ́ lójú lásán, ẹ ti rí i rí lẹ́yìn ìyálọ́mọ. Ìgbà tí a bá pa á fún olórí ẹbí tó ń wo ìjà níran ló tó di pé a gbé e kúrò lọ́jà.

Àkànlò èdè ló tún máa ń da àwọn ọmọ láàmú. “Ó fi àáké kọ́rí” túmọ̀ sí pé ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ fi àdá rọ́pò àáké, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti dì pọ̀, kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ wọn. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín lè jí láàárọ̀ ọ̀la kó dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀, kó sọ pé àbúrò òun, agogo ilé wa ni, torí pé ẹkún ọmọ náà ló ń jí wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn, tí àdúgbò gbé e, tí ó pẹ́, ó lè dì. Àwọn mìíràn ti dì débi pé a kò rí wọn mọ́. Ahun ni ìjàpá, ahun náà sì ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há. Ta ló tún ń rántí ìjàpá tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá kọ̀ láti yá a lówó? À ń sọ pé etí ọ̀sà, ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ òkè, láìwá etí tàbí ojú tàbí ẹsẹ̀ kankan. Ṣé àfiwé ṣì ni ìwọ̀nyí, àbí wọ́n ti di orúkọ lásán? Ibẹ̀ ni agbára mi mọ. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ahun. Lórí etí ọ̀sà, mo ti jiyàn rẹ̀ sápá ọ̀tún, mo ti jiyàn rẹ̀ sápá òsì. Inú mi ìbá dùn bí ẹnikẹ́ni kò bá fi irú rẹ̀ dán ọmọ SS2 wò.

Ní 1980, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, George Lakoff àti Mark Johnson, ṣàlàyé pé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ju ọ̀ṣọ́ ẹnu akéwì lọ, pé inú èrò wa gan-an ló ń gbé, ó sì ń darí bí a ṣe ń lóye nǹkan. Ẹ fi ìbínú wò ó lédè wa. Ẹni tí inú bí gbaná jẹ, inú rẹ̀ ń ru, orí rẹ̀ gbóná. Àwa tí a fẹ́ pẹ̀tù sí i, kí là ń sọ? “Ẹ bu omi sùúrù mu.” Ìbínú ti di iná, sùúrù sì ti di omi tí a fi ń pa á, kò sì sí akéwì kankan níbẹ̀, àwọn aládùúgbò ló ń bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ èyí, torí àwọn ọmọ máa ń rò pé inú ìwé nìkan ni ọnà èdè wà.

Àwọn yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Àsọrégèé máa ń na ọ̀rọ̀ kọjá ìwọ̀n láìkúrò lórí ohun tó ń sọ: “Mo ti pè ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún” ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpè. “Gbogbo Ẹ̀pẹ́ tú jáde” kì í ṣe ẹlẹ́lọ̀ọ́, torí ìlú kò jọ ènìyàn. Àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ ni, ìsúnmọ́ra ló mú kí a forúkọ ìkan pe èkejì. Ìfọ̀rọ̀dárà sì ń fi ìró ṣeré. Orúkọ ọdún yín, Káyó-káyọ̀, tó fi yíyó àti yíyọ̀ ṣe àríyá létí, tó fún àpẹẹrẹ. Bí ó bá rú ọmọ yín lójú, kí ó gbìyànjú láti ti ‘dà bí’ bọ inú gbólóhùn. Ayé dà bí ọjà: ó wọlé. Àjàyí dà bíi kìnnìún: ó wọlé. Ọ̀sà dà bí ẹni tí inú ń bí: ó wọlé, àmọ́ ó gba ‘ẹni’, ‘ẹni’ yẹn ló sì ń sọ fún un pé ìfohunpènìyàn ni. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ dà bí kí ni? Kò wọlé. Ìdánwò kékeré yìí kì í gbé gbogbo ẹrù o; ó máa ń kùnà lórí àkànlò èdè tó ti dì, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a máa wá ‘bí’ kiri.

Bí ẹ bá bèèrè bóyá kí ó máa há orúkọ àwọn ọnà èdè wọ̀nyí sórí, bẹ́ẹ̀ ni. WAEC àti NECO ń bọ̀, kò sì sí bí yóò ṣe dáhùn láìmọ orúkọ wọn. Àmọ́ kí àlọ́ àpamọ̀ ṣáájú ìháṣórí. Lálẹ́, tí ẹ bá ti palẹ̀ àtẹ mọ́, ẹ pa á fún un: “Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” Ọmọrogùn nínú ìkòkò ni. Ẹ bi í pé kí ni òkun, kí ni ọmọ burúkú, kí ló mú kí wọ́n jọra. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ tó fi ẹni tí à ń sọ pa mọ́ ni àlọ́, ọmọ tó bá ń já a ti ń ṣe iṣẹ́ náà kó tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ má lọ bá tíṣà jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ pọ̀ ní kíláàsì náà bíi ti èmi nígbà yẹn, tí òfin kúkurú sì dà bí ìrànlọ́wọ́ lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mú ìwé ìdánwò rẹ̀ lọ bá a lẹ́yìn kíláàsì, kó kúnlẹ̀ kí i, kó sì bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ‘Ọ̀sà ń bínú’ àti ‘Kìnnìún ni Àjàyí’, kò sí ‘bí’ nínú méjèèjì. Kí lẹ rí nínú àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èkejì?”